Kí Ọmọ Tó Fi Eré Ìdíje Rọ́pò Ẹ̀kọ́ Ìdárayá

Ní ìlú Houston ní Texas níbi tí mò ń gbé, tí àwa Yorùbá sì pọ̀ sí, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn òbí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ kíláàsì kẹsàn-án, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́rin ilé-ẹ̀kọ́ girama: ṣé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ ṣe kíláàsì ẹ̀kọ́ ìdárayá kó tó lè gba ìwé-ẹ̀rí girama? Òfin ìpínlẹ̀ wa ní kò pọn dandan. Ìdáhùn tèmi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo gbà pé ẹ̀kọ́ gidi kan wà tí ọmọ ń fi sílẹ̀ nínú pàṣípààrọ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ náà níbòmíràn, yóò jáde nílé-ẹ̀kọ́ láìní in.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń pinnu ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ kó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, ìdí sì nìyí tí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ní Ohio bá sọ fún yín lórí fóònù fi lè máà bá ti Texas mu rárá. Ní Texas, kírẹ́díìtì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ kíláàsì tí ọmọ parí) 1 nínú 22 tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwé-ẹ̀rí ni ti ẹ̀kọ́ ìdárayá, òfin sì gbà kí eré ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ ológun ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní JROTC dípò rẹ̀. Ẹgbẹ́ afunfèrè tó máa ń yan lórí pápá pàápàá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọdún ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń kà fún un. Ní Ohio, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò lè yọ̀ǹda ọmọ tó bá ti ṣe eré ìdíje fún sáà eré méjì gbáko, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún un ní kírẹ́díìtì kankan lórí rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn tí kò dín ní wákàtí 60 ni yóò fi dí ààbọ̀ kírẹ́díìtì tó ṣí sílẹ̀ náà. Ní Florida, sáà méjì gbáko kan náà ti tó láti mú kírẹ́díìtì 1 kúrò lọ́rùn ọmọ. Illinois, tó ti pẹ́ tí wọ́n mọ̀ sí ìpínlẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ìdárayá lójoojúmọ́, yí òfin rẹ̀ padà ní ọdún 2017: ó dín in kù sí ọjọ́ 3, ó kéré tán, nínú ọjọ́ 5, ó sì jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ̀ǹda àwọn eléré ìdíje láti kíláàsì keje títí dé ìkejìlá. Ẹni tó bá ṣí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láàárín ọdún mẹ́rin yìí ní láti tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dédé rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956, lẹ́yìn tí ìdánwò kan fi hàn pé ara àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò le tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù, Ààrẹ Eisenhower dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí okun ara àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó di 1983, ìbẹ̀rù mìíràn gbòde: ìjábọ̀ kan tó jáde lọ́dún náà kìlọ̀ pé ẹ̀kọ́ ń jó rẹ̀yìn, ó sì dábàá ọdún mẹ́rin fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta-mẹ́ta fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, wákàtí kò pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ ìdárayá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò nígbà tí wọ́n bá ń wá ohun tí wọn yóò gé.

Mi ò ní purọ́ pé kò sí àǹfààní nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń dárayá títí ìrọ̀lẹ́, tó sì tún ní iṣẹ́ àṣetiléwá níwájú, yẹ fún ìyọ́nú. Bákan náà, NCAA tó ń ṣàkóso eré ìdíje ní yunifásítì ń béèrè kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣeré ní ìpele kìn-ín-ní, ẹ̀kọ́ ìdárayá kò sì sí lára wọn. Wákàtí tó bá ṣí sílẹ̀ lè wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì náà níbi tí olùkọ́ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń sáré 400 mítà fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀nà yẹn ló sì gbà gba kírẹ́díìtì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, nítorí náà ó ṣe kíláàsì. Lọ́jọ́ kan ní ilé ìdáná, ó fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 4, lẹ́yìn náà ló yọ ọjọ́-orí rẹ̀ kúrò nínú 220 láti fojú díwọ̀n iye ìgbà tó pọ̀ jù tí ọkàn rẹ̀ lè lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ lórí pápá ló ń bi í pé kí ló ń ṣe. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣètò ìdárayá fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí kóòṣì tó ń fọn fèrè mọ́.

Mi ò dá kóòṣì lẹ́bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, ìyẹn ló sì fi ń pín àkókò: ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú, ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wò, kírẹ́díìtì kan náà ni àwọn méjèèjì yóò sì gbà. Kò tó 1 nínú 10 àwọn eléré girama tó ń bá eré ìdíje lọ ní yunifásítì. Àwọn tó kù yóò bọ́ aṣọ eré sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 18. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n nílò ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kíláàsì kẹsàn-án.

SHAPE America, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìdárayá, kò fara mọ́ irú ìrọ́pò bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi kò le tó wọn. Ìgbà kan wà tí òfin Florida ní kí ọmọ tó fẹ́ fi sáà méjì rọ́pò ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ ṣe ìdánwò lórí okun ara, kó sì gba C ó kéré tán. Ohun tó bójú mu nìyẹn lójú mi, ó sì dùn mí pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, nítorí ìdánwò ni ìbá fi hàn bóyá ọmọ ní ìmọ̀ náà tàbí òógùn nìkan ló là.

Ọ̀rọ̀ mi kan àwa òbí tí a kàwé ní Nàìjíríà ní pàtàkì. Inter-house la mọ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ka ẹ̀kọ́ ìdárayá sí eré lásán tí kẹ́mísìrì lè gba ipò rẹ̀ láìsí àdánù. Bẹ́ẹ̀, ẹnu wa kan náà la fi ń sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ni pé kí ọmọ ọdún 6 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ṣiṣẹ́ ara lójoojúmọ́. Tí sáà eré bá parí, ta ni yóò rí sí i pé ó ń ṣẹlẹ̀?

Bí ẹ bá ti pinnu láti ṣe pàṣípààrọ̀ náà, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá kírẹ́díìtì ni ọmọ yóò gbà tàbí ìyọ̀ǹda lásán, bóyá máàkì rẹ̀ yóò wọ inú àpapọ̀ máàkì rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá fara pa tàbí tí wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ kí sáà tó pé. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín, nítorí ọmọ tí sáà kejì rẹ̀ kò pé lè bá ara rẹ̀ ní kíláàsì kejìlá, kí ó máa wá àyè fún kíláàsì tí àwọn ọmọ ọdún 14 ń ṣe.