Ibi tí a kò ti mọ̀ mí ni mo ti pàdé ara mi

Ìrìn-àjò mi àkọ́kọ́ sókè òkun, ìlú mẹ́rin ni mo dé láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwòrán kún fóònù mi dẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó jáde nílé náà ló padà wọlé. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló rìn.

Nígbà kejì, ìlú kan ṣoṣo ni mo lọ, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. N kò gbọ́ èdè wọn, n kò ní ojúlùmọ̀ kankan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le: ọwọ́ ni mo fi ń júwe ohun tí mo fẹ́ rà, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, àárò ilé á mú mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé n kò jí ní ìdájí mọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ mí sí ẹni tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, èmi náà sì gbà pé bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò pè mí ní ọ̀lẹ, mo ń sùn títí oòrùn fi ń yọ, ara mi sì ń yá gágá. Ẹ̀rù ẹnu èèyàn ló ti ń jí mi láti ọjọ́ yìí wá.

Mo rí èyí tí kò dùn mọ́ mi pẹ̀lú. Onísùúrù ni mo máa ń pe ara mi. Lọ́jọ́ tí mo ṣìnà nínú òjò, mo jágbe mọ́ àgbàlagbà kan tó fẹ́ fi ọ̀nà hàn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nílé, kò sí ohun tó dán sùúrù náà wò rí.

Wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní tèmi, oko ẹlòmíràn ni mo dúró sí tí mo fi rí ti bàbá mi dáadáa: mo mọ apá tí mo fẹ́ máa ro lọ, mo sì mọ èyí tí mo kàn ń ro nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Lọ́dún 2018, Hajo Adam àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ti gbé nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n rí i pé bí èèyàn ṣe pẹ́ lọ́hùn-ún tó ló bá bó ṣe mọ ara rẹ̀ tó rìn, kì í ṣe iye orílẹ̀-èdè tó dé. Àlàyé wọn ni pé gbígbé láàárín àwọn tí ìṣe wọn yàtọ̀ ń mú kéèyàn bi ara rẹ̀ bóyá ohun tó dì mú jẹ́ tirẹ̀, àbí ti àwọn tó tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó ohun tí à ń pè ní gbígbé, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ má pín in sí ìlú márùn-ún. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dá lọ, torí ọ̀rẹ́ tí ẹ bá mú dání á gbé ẹni tí ẹ jẹ́ nílé lọ bá yín. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ dé sí, èyí kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, àmọ́ ẹ má pe ilé láràárọ̀ lálaalẹ́. Lálẹ́, ẹ kọ ohun tó bí yín nínú sílẹ̀, ohun tó bà yín lẹ́rù, àti ohun tí ẹ ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò yín. Ìwé tí mo kọ báyẹn wúlò fún mi ju gbogbo àwòrán lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ òkè òkun; ìrìn wákàtí mẹ́ta lè tó, bí a kò bá ti mọ orúkọ yín níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún àwọn ará ilé pé n kò ní máa jí ní ìdájí mọ́. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn. Ti sùúrù ni mo ṣì ń kọ́: bí ẹnì kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí kò yé mi, mo máa ń dákẹ́ ná, màá sì wo ojú rẹ̀.