Ajá tó ń lọ sí Ìlú Ọba: ohun tí iṣẹ́ dókítà ẹranko kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó lọ sí Ìlú Ọba kì í rántí ajá wọn àfi ìgbà tí físà bá jáde. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn.

Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ajá wọn lè wọ ibẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Microchip, ìyẹn ẹ̀rọ tíńtín tó ní nọ́ńbà tá a máa ń fi sí abẹ́ awọ ajá, ló ṣáájú. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ló tẹ̀ lé e, ajá sì gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12. Ó di ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀, èsì rẹ̀, tó ń fi hàn bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ lára ajá, gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Oṣù 3 ṣì kù níwájú. Ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ ó ti kà á, ẹ má kà á láti ọjọ́ tí èsì dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ ajá á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù 7 kó tó lè wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo bá mọ̀lẹ́bí kan pàdé tí ajá wọn ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún láìyẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi microchip sí i. Kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yẹn gan-an ló gba abẹ́rẹ́, la bá tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Àwọn ọmọ bá òbí wọn lọ, ajá kù sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ ajá wá fún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, mo máa ń gbà á níyànjú pé kó jẹ́ ká fi microchip sí i ná, ì báà má lérò ìrìnàjò kankan. Ẹ ka nọ́ńbà náà lára ajá kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé láìfo ẹyọ kan. Bí àsìkò abẹ́rẹ́ bá kọjá láìgba òmíràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà bàjẹ́ nìyẹn.

Oògùn aràn ajá kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 24, kò sì gbọdọ̀ ju 120 lọ, kí ajá tó balẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ológbò kò nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ajá ti máa sùn nínú àgò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ tó pé. Àgò náà gbọ́dọ̀ gbà á ní ìdúró, kó lè yí padà, kó sì lè dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín fún oògùn oorun, ẹ má fún wọn: ó lè dí èémí ajá lọ́wọ́ lókè, kò sì sí dókítà níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí.