Ẹ̀wà nínú irun, epo lórí kápẹ́ẹ̀tì: Kabba àti Leeds

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Àǹtí mi kan ní Kabba, ìpínlẹ̀ Kogi, rí ọmọ mi lórí fídíò níbi tá a wà ní Leeds, ìlú Ọba, ó ti fi ẹ̀wà kun ara ẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé o ò ráyè bọ́ ọmọ ni? Ẹ sì ní gbogbo nǹkan níbẹ̀." Gbogbo nǹkan kẹ̀! Mo kàn ní ẹ má bínú mà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ níbí ló ní tó bá ti tó bí oṣù 6, tó ń jókòó tí ọrùn ẹ̀ dúró dáadáa, tó lè wo oúnjẹ kó nawọ́ mú un kó gbé e sẹ́nu fúnra ẹ̀, tí kò fi ahọ́n tì í síta mọ́, ká se iṣu tàbí ànàmọ́ kó rọ̀, ká gé e gígùn bí ìka àgbà, ká gbé e síwájú ẹ̀ ká máa wò ó. Á tẹ̀ ẹ́, á fi pa ojú, á jù ú sílẹ̀ láti wò ó bóyá ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn o, ọwọ́ ń mọ ohun tó ń yọ̀ àti ohun tó le, ẹnu ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rún nǹkan. Tó bá kọ ẹ̀fọ́ lónìí ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn, ó lè tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbà. Tó bá ń wúkọ́, tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ọ̀fun ẹ̀ ló ń lé oúnjẹ padà, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tí kò lè dún rárá lẹ ó sáré sí, ìdí nìyẹn tẹ́nìkan fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, oyin di ẹ̀yìn ọdún 1, ẹ̀pà odindi di ẹ̀yìn ọdún 5.

Nílé, ẹ mọ tiwa, rírọ ni. Ẹ̀kọ ń wọlé, ẹkún ń jáde. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ torí ó lè ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ògì lásán ò sì ní áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó, bẹ́ẹ̀ èyí tọ́mọ gbé wá látinú ìyá ẹ̀ ti ń tán lọ ní bí oṣù 6, àfi kẹ́ ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran dí i. Àmọ́ ọmọ Kabba tó bá ti ń rákò, ta ló tún ń rọ ọ́? Á ti kiwọ́ bọ àwo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, adìyẹ á ṣa èyí tó jábọ́, ó parí. Níbí kápẹ́ẹ̀tì onílé ni, owó tá a san sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ǹtì, náílọ̀n ni mo ń tẹ́ sábẹ́ àga.

Ìyẹn ò tiẹ̀ ni mí lára. Ohun tó ni mí lára ni pé kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ní ká máa jẹun pẹ̀lú ọmọ, kó máa wo ẹnu wa kó fi kọ́ ọ, ẹnu ta ni yóò wò? Ní oṣù December, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ mi ṣe ṣíìfù òru ó ń sùn lókè, a ò gbọdọ̀ pariwo, èmi àti ọmọ á wá jókòó kojú síra wa. Ebi ò pa mí o, mo ń jẹ, mo ń la ẹnu gbàgà, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni ìyá àgbà, èmi ni ọmọ ilé kejì tó yẹ kó já dòdò gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè mọ̀ pé dòdò dùn. Mo gbé e lọ síbi táwọn ìyá máa ń kó ọmọ jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníkálukú gbé kúlà tiẹ̀ wá. Mo na mọ́ínmọ́ín sí ọmọ kan, ìyá ẹ̀ rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó nu ọwọ́ ọmọ náà. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí oúnjẹ máa ń bá jà, kò burú. Mo ṣáà gbé mọ́ínmọ́ín mi délé.

Ẹ lè ní kí n fi ọmọ sí nọ́sìrì. Ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n físà tiwa ní ká má fọwọ́ kan owó ìlú, tọkọtaya ni, kò kàn wá. Ẹ ní kí màmá mi wá. Màmá mi gba fọ́ọ̀mù físà, wọ́n sanwó, èsì dé pé kò dá àwọn lójú pé wọ́n máa padà sílé. Màmá mi tó ní oko iṣu, tí wọn ò lè jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n má dé ìpàdé obìnrin ìjọ, òtútù Leeds ni wọ́n fẹ́ sá wá bá!

Mi ò sọ pé mo kábàámọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ bí ẹ̀rù ajínigbé ṣe wà lójú ọ̀nà Kabba sí Ọbajánà, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe gé owó oṣù tíṣà nígbà kan bí ẹni gé iṣu. Ká ní mo wà nílé ni, kí n tó ti ọjà dé wọn ì bá ti rọ ọmọ yó, ta ló máa gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu? Níbí, bí mo ṣe fẹ́ ni mò ń ṣe ọmọ mi. Ọdún tó ń bọ̀ a tún máa gba fọ́ọ̀mù fún màmá. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rọ ọ́, ìjà máa wà nínú ilé yìí, ọkọ mi ò sì ní rí oorun sùn. Mò ń fẹ́ ìjà yẹn gan-an.