Ohun tí àgbẹ̀ ń béèrè kọ́ ló wà nínú báàgì yín

Ẹ̀yin àbúrò, òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí Kwali, Abaji tàbí Kuje ní agbègbè Àbújá, ìmọ̀ràn pọ̀ lọ́fíìsì; èyí tí àgbẹ̀ ń wá ló ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí ADP, ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe ní 1975, òkè ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣàn wá sísàlẹ̀.

Ẹ má fi ìpàdé ààfin baálé mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́. Ajílẹ̀ àti katakata ni gbogbo ẹnu máa dárúkọ níbẹ̀, torí wọ́n gbà pé ìjọba ló rán yín. Ẹ bá wọn dé oko, kí ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Kí ẹ pàdé àwọn obìnrin lọ́tọ̀, kí ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ Gbagyi, èdè ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀, dání. Haúsá inú ọjà kì í tó, ká má tíì sọ Yorùbá. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yìí lẹ ti máa gbọ́ nípa kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà, tí àwọn ọkọ ò ní mẹ́nu bà. Àpò onípele mẹ́ta ló gba ìyẹn: kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí wọ́n so ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí eku bá lu àpò náà, afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ìwé ìmọ̀ràn wa ní 120-60-60 fún héktà àgbàdo kan: kílò náítírójìn 120, fọ́síféètì 60, pọ́táàṣì 60. Ta ló ń ra náítírójìn lọ́jà? Ẹ sọ ọ́ di àpò: ajílẹ̀ NPK 15-15-15, tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, àpò 8, oníkílò 50, á gbé 60 nínú náítírójìn náà, pẹ̀lú gbogbo fọ́síféètì àti pọ́táàṣì; yùríà, ajílẹ̀ oní-náítírójìn, tó tó 130 kílò á gbé náítírójìn 60 tó kù. Ẹni tó ní ìdá kan nínú mẹ́rin héktà á ra NPK àpò 2, yùríà bíi kílò 33. Kó wa ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kó da yùríà sí i, kó bò ó. Èyí tó bá wà lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ìmọ̀ràn ìgbìn tó bá sì dé ní Ògọ́ọ̀sì, ìtàn ni.

Òṣìṣẹ́ kan ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n olóògùn ọjà, ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò, ń rí wọn ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa júwe, kò sì burú tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ kọ́ ọ. Fall armyworm, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, tó dé sí Nàìjíríà ní 2016, bó bá ti wọ inú ọkàn àgbàdo tán, oògùn tí wọ́n fín sórí ewé lásán kò ní bá a. Ojú márùn-ún ni kí wọ́n ti yẹ àgbàdo mẹ́wàá-mẹ́wàá wò láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ná owó oògùn.

Ìbéèrè tí ẹ ò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: abúlé, ọjọ́, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kò gbọdọ̀ ṣófo.