Gang of Four: ẹ fetí sí ibi tí gìtá ti dákẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní post-punk, orin rock tó jáde tẹ̀lé punk, kó má dá ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú àlàyé rẹpẹtẹ. Kó wá àwo Entertainment! ti ẹgbẹ́ olórin Gang of Four, kó sì máa ṣọ́ ibi tí wọn ò ti ta gìtá.

Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kó ara wọn jọ. Jon King ló ń kọrin, Andy Gill ló ń ta gìtá, Dave Allen wà nídìí béèsì, Hugo Burnham sì ń lu ìlù. King àti Gill ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ìlú náà nígbà yẹn. Ní 1978, Fast Product, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Edinburgh, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Damaged Goods, orin 3 péré. EMI, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá, gbà wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì gba orin Entertainment! sílẹ̀ ní sitúdíò Workhouse, ní Old Kent Road ní London. Bẹ́ẹ̀ ni o, Old Kent Road yẹn náà, tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ wa pọ̀ sí lónìí. Oṣù Kẹsàn-án 1979 ló jáde: orin 12, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40.

Gìtá Gill ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Amplifier oní-valve (irú tó ní gílóòbù dígí nínú) ni ọ̀pọ̀ onígìtá rock máa ń wá, torí valve ń mú kí ohùn gìtá ki, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì máa fà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lórí okùn. Gill ò fẹ́ ìkankan nínú ìyẹn. Oní-transistor ló ń lò. Ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde gbẹ, ó tutù, bó bá sì ti dákẹ́, ó dákẹ́ náà nìyẹn. Bí gángan ṣe máa ń já lu ọ̀rọ̀ nínú orin jùjú ni gìtá rẹ̀ ṣe ń wọlé: yóò sọ tirẹ̀, yóò sì pa ẹnu dé. Béèsì ló ń gbé orin lọ. Níbi tí ẹgbẹ́ mìíràn á ti ní kí onígìtá bọ́ síwájú wá dárà, ńṣe ni tiwọn á yọ gìtá kúrò, tí ìlù àti béèsì á máa bá a lọ láìwẹ̀yìn.

Àwọn tó ń gbìyànjú láti ta gìtá bíi ti Gill sábà máa ń kùnà síbi kan náà. Wọ́n á tan pẹ́dàlì tó ń mú gìtá ha, wọ́n á tún fi gbohùngbohùn (echo) sí i. Méjèèjì ló ń fa ohùn gùn, gbogbo àyè tó yẹ kó ṣófo á sì dí. Ẹ pa wọ́n. Ẹ gbé treble (ohùn tó tinrín) sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí ìka ọwọ́ òsì sinmi lé okùn fẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìta kọ̀ọ̀kan, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ohùn lè kú lójú ẹsẹ̀. Kí onílù náà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí àwọn àwo irin ńlá, torí bí ìyẹn bá ń dún gììrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ onígìtá ti bàjẹ́.

“Ether” ló ṣí àwo náà. Ẹnì kan ń lé, èkejì ń gbè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba: ẹni tó ń lé ń sọ nípa ìgbé ayé ìdẹ̀ra, ẹni tó ń gbè ń dárúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Long Kesh ní Àríwá Ireland. Ẹnu wọn ò kò, àmọ́ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Iwájú àwo náà, tó pupa fòò, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn: àwòrán kọ́bọ́ì (darandaran ẹlẹ́ṣin) Amẹ́ríkà àti ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tú àṣírí pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni.

“Anthrax” ló parí rẹ̀, òun ló sì ṣòro gbọ́ jù. Ó pẹ́ díẹ̀ tí gìtá fi ń han kí ìlù tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn méjì á jọ máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà: King ń kọrin pé ìfẹ́ ti dá òun dùbúlẹ̀, Gill ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ìdí tí àwọn ò fi ń kọ orin ìfẹ́ bíi tàwọn ẹlòmíì. Nínú èyí tó wà lórí Damaged Goods ní 1978, bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀ gan-an ni Gill ń kà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń wá, nítorí náà sipíkà Bluetooth kan ṣoṣo á po wọ́n pọ̀, kò sì ní yé yín. Ẹ lo íápíìsì tí etí méjèèjì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọ Settings lórí fóònù, lẹ́yìn náà Accessibility. Ẹ pa Mono audio bó bá wà ní títàn, kí ẹ wá ti balance sí òsì pátápátá, kí ẹ gbọ́ orin náà tán, kí ẹ tún tì í sí ọ̀tún. Ẹ má sì fi sipíkà ara fóònù gbọ́ ẹgbẹ́ yìí rárá. Kò lágbára àtigbé ohùn ìsàlẹ̀, béèsì Allen á pòórá, a jẹ́ pé olórí orin ló lọ yẹn.

“At Home He’s a Tourist” ìbá sọ wọ́n di gbajúmọ̀ ní 1979. Top of the Pops, ètò orin lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, pè wọ́n, BBC wá ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan tó tọ́ka sí rọ́bà ìdáàbòbò padà. Wọn ò gbà sí èyí tí BBC fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Solid Gold, 1981, wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jimmy Douglass, ará Amẹ́ríkà, ló bá wọn ṣe é. Àwọn kan ní ó ti ki jù. “What We All Want” nìkan ti tó láti dá wọn lóhùn. Allen fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, Sara Lee sì gba béèsì fún Songs of the Free ní 1982. Hard, 1983, ẹ fò ó.

Bó bá jẹ́ CD Entertainment! lẹ ń wá, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1995 tàbí 2005 ni kí ẹ mú, torí wọ́n fi orin mìíràn bíi “It’s Her Factory” kún un. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Return the Gift, tó jáde ní 2005 bákan náà. Orin àtijọ́ ni wọ́n tún kọ síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà náà, ìlù inú rẹ̀ sì tóbi débi pé àyè yẹn ti dí. Ẹ fi orin kan náà tó wà nínú àwo méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé.