Ibi tí omi ti hàn kọ́ ni ó ti wọlé: ìjò àti ìpẹtà lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní Àbújá

Àkọ́rọ̀ òjò ní Àbújá kì í rọra rọ̀. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì á kọ́kọ́ gbé eruku àti ewé dóńgóyárò kiri, lẹ́yìn náà ni omi á ya lulẹ̀. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ní Corolla 2003 tàbí Camry tó ti pẹ́ á ṣílẹ̀kùn, á gbẹ́sẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì, omi á sì ru jáde lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sá kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, ó parí. Kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìmùtìmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì gbé omi dání, orí irin ló sì jókòó lé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ níbí, òjò kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni. Oòrùn á pa rọ́bà ìlẹ̀kùn títí tí á fi le, tí á sì sán. Eruku ọyẹ́ á kún inú àwọn ihò tí wọ́n dìídì ṣe fún omi láti máa bá jáde. Nígbà tí òjò bá wá dé, omi tó yẹ kó gba ìsàlẹ̀ lọ kò rọ́nà, ló bá yà sínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì sáré ra sílíkóònù. Nínú ìjò mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ihò tuntun tó ṣí sílẹ̀. Ti ihò àtijọ́ tó dí ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó wà nílẹ̀. Ẹ fi tíṣù funfun tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Bí tíṣù bá mú àwọ̀ ewé tàbí pupa, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀ nímú, kúláàntì ni, ìyẹn omi aláwọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Redíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń jò, kì í ṣe òjò. Ẹ má tọ́ ọ wò, májèlé ni. Bí omi bá mọ́ kedere, tó jẹ́ pé iwájú níbi tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ sí nìkan ló ń tutù, kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, AC ni kí ẹ fura sí. AC ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, omi náà sì ń gba họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ tí ooru mú, kí ẹ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Bí kò bá kán, họ́ọ̀sì ti dí. Ẹ má ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà ọyẹ́ o: afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà débi pé AC tó dáa gan-an lè má kán tó ṣíbí kan. Ẹ fi páípù rírọ̀ fẹ́ họ́ọ̀sì náà láti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi wáyà líle gún un, torí evaporator, ìyẹn ẹ̀yà AC tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, wà lókè níbẹ̀, bí ẹ bá sì ti lu ìyẹn, gáàsì ti lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ omi òjò lóòótọ́, èèyàn méjì ló ń wá a. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì á mú họ́ọ̀sì omi lóde. Kí omi máa ṣàn jẹ́jẹ́, bíi ti òjò. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára á ti omi gba inú rọ́bà tó dáa kọjá, á sì ṣì yín lọ́nà. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá gòkè sí ojú fèrèsé, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, òrùlé ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á dà bo gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èyí tó wọlé nínú wọn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ní láti ti yọ ike tó bo ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn, kó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kó tó lè rí nǹkan, nítorí omi lè gba òkè wọlé, kó rìn lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kó wá kán sílẹ̀ níbi tó jìnnà tó mítà kan sí ẹnu ọ̀nà tó gbà.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí ni abẹ́ wáípà. Ike dúdú gígùn kan wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì iwájú, abẹ́ rẹ̀ sì dà bí gọ́tà. Ẹ tú apá wáípà (sípánà 14 ló ń tú u lára ọ̀pọ̀ Toyota), kí ẹ yọ àwọn kílíìpù ike jẹ́jẹ́, torí wọ́n ti gan nínú oòrùn, wọ́n sì máa ń ṣẹ́. Ẹ ra mẹ́fà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ike náà kúrò lára ọkọ̀ tó ti ń sùn lábẹ́ igi, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í ṣe ewé mọ́. Ewé dóńgóyárò àti eruku á ti jẹrà papọ̀, á ti di ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn, tó tutù kódà lọ́sàn-án gangan, àwọn kòkòrò á máa rìn nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kó o, ẹ má fi omi ti í wọ ihò. Ihò tí omi ń gbà jáde wà ní igun ọ̀tún àti ti òsì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó o tán, ẹ da omi lítà méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: kíá ni ó gbọ́dọ̀ dà jáde lẹ́yìn táyà iwájú. Bó bá dúró, tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Bí àmì omi bá wà lára rẹ̀, gọ́tà yìí ló kún tó fi dà sínú ọkọ̀.

Ìlẹ̀kùn ló tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ sì ni ẹ̀bi rẹ̀ sábà máa ń wà. Kò sí ọkọ̀ tí omi kì í wọ inú ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ló ń gbà, ó sì yẹ kó jáde ní ihò méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì inú ni kì í jẹ́ kó ré kọjá sórí kápẹ́ẹ̀tì. Rẹ́wáyà tó wá tún mọ́tò fèrèsé ṣe, tàbí tó fi àláàmù sí i, á fa ọ̀rá yìí ya, á sì da páńẹ́ẹ̀lì padà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kápẹ́ẹ̀tì ti ń tutù. Ẹ gé ọ̀rá tuntun tó nípọn, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dúdú rírọ̀ tí kì í gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní butyl, lẹ̀ ẹ́ yíká láìfo ibì kankan. Etí ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìlẹ̀kùn, kí omi tó bá sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀ lè bọ́ sínú. Bó bá wà lóde, asán ni gbogbo rẹ̀. Igi tínrín ni kí ẹ fi ṣí àwọn ihò ìsàlẹ̀. Súkúrúdiráfà á họ ọ̀dà, ibẹ̀ ni ìpẹtà á sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn, torí àwọn pénítà máa ń fi ọ̀dà dí àwọn ihò yìí pa.

Fún rọ́bà, ẹ fi pọ́dà pa á yíká, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn tàbí búùtù, kí ẹ tún ṣí i. Ìlà pọ́dà gbọ́dọ̀ hàn lára irin láìjá. Ibi tó bá já ni rọ́bà kò ti kanlẹ̀. Nínú búùtù, rọ́bà iná ẹ̀yìn ló sábà máa ń jò ju rọ́bà búùtù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ gbé sípíà táyà kúrò, omi lè ti kún ihò rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní fèrèsé òrùlé ní páípù omi ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ da ìdajì ife omi sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Okùn ọ̀rá tínrín ni kí ẹ fi ṣí i. Bí ẹ bá fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, páípù náà lè yọ nínú òpó, ẹ ò sì ní lè dá a padà láìtú àjà ọkọ̀.

Gíláàsì iwájú tí wọ́n ti pààrọ̀ rí lewu jù. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé èyí àtijọ́ máa ń họ ọ̀dà dé irin, wọ́n á sì lẹ tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí ìjò bá ti ibẹ̀ wá, sílíkóònù tí ẹ fà yí etí rẹ̀ ká kò lè tún un ṣe. Sílíkóònù tó ń rùn bí ọtí kíkan tilẹ̀ ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbẹ, irin ló sì ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ gíláàsì, kí wọ́n fọ ìpẹtà kúrò, kí wọ́n fi púráímà (ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kùn lé irin) sí i, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù polyurethane. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gọ́ọ̀mù yìí gan, nítorí náà kì í tètè gan nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ọjọ́ kan lè tó; nígbà ọyẹ́, ẹ fún un ní méjì. Ẹ ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà ti gíláàsì jáde bí ẹnì kan bá pa ìlẹ̀kùn dé gbàmù.

Bí ìjò bá ti dúró, ẹ tú àwọn síìtì. Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí ti airbag ni, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì jáde pátápátá, kí tìmùtìmù rẹ̀ kọjú sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dá a padà. Bí ìwé bá ṣì tutù, ẹ ní sùúrù.

Nísinsìnyí ni ìpẹtà kàn. Ẹni tó bá ń kun ọ̀dà nígbà tí omi ṣì ń wọlé fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá ni.

Àbújá jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń jẹ ọkọ̀ lẹ́bàá etíkun Èkó kò sí níbí. Bí ọkọ̀ bá ń dípẹtà gan-an níbí, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: omi tó há sínú rẹ̀, tàbí iyọ̀ tó bá a wá. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti rìn lójú títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà yìnyín ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Yúróòpù. Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀ lọ́jà Zuba tàbí ibòmíràn, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ fi aṣọ wé dání. Ibi irin tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú irin kó tẹ́jú, ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tsatsa láàárín ara wọn ní Hausa, ìpẹtà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ fi ìdí súkúrúdiráfà kan ibi tó pọ́n. Irin tó ṣì le á dún gangan. Èyí tó ti jẹrà á dún bàì, èèpo rẹ̀ á máa bọ́, bí ẹ bá sì fi ẹnu súkúrúdiráfà tì í, á wọlé. Èyí tó kàn pọ́n lójú nìkan, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà 80 fọ̀ ọ́ títí irin á fi dán, kí ẹ kọjá ibi tó pọ́n ní ìwọ̀n ìka méjì yíká, kí ẹ wá fi 180 àti 320 pa etí ọ̀dà kó tẹ́jú. Àwọn àmì dúdú tín-tìn-tín tó bá kù nínú irin ni kí ẹ fi oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid pa, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀. Ásíìdì bátìrì kọ́ o. Ẹ fi tínà nù ún, kí ẹ kun púráímà epoxy lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi púráímà eléérú lásán sílẹ̀ kí ẹ máa dúró de owó ọ̀dà: ó ń fa omi bíi kànìnkànìn, òjò méjì péré, ìpẹtà ti padà sábẹ́ rẹ̀.

Ibi tó ti lu, wẹ́ẹ́dà ló ni ín. Pọ́tì kì í dí ihò. Òun náà ń mumi: ẹ̀yìn rẹ̀ á máa tutù, irin tó yí i ká á máa jẹrà, títí odindi rẹ̀ á fi bọ́ bí ìrépé amọ̀. Ẹ sọ fún panẹ́ẹ̀lì bítà, yálà ní Apo tàbí Kugbo, pé ẹ fẹ́ kó gé e dé ibi tí irin ti mọ́, kó fi páálí irin tó nípọn tó mìlímítà kan dí i, kó sì máa jó o ní tó-tò-tó, níbí, lọ́hùn-ún, kí ooru má baà ká irin kò. Ẹ̀rọ MIG, èyí tó ń fi iná mànàmáná jó irin, dára ju gáàsì lọ, torí iná gáàsì ń jó ọ̀dà ẹ̀yìn irin tó fẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn púráímà epoxy, pọ́tì kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń ki jáàkì sí, ibi tí ṣọ́ọ̀kì jókòó lé, tàbí ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ló ti jẹrà, irin ibẹ̀ nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ nǹkan bò ó.

Ẹ̀yìn irin tí wọ́n jó ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ ra wáàsì (wax) inú páńẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní páípù gígùn lẹ́nu, kí ẹ fín in gba ihò wọ inú ìlẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn, kí ẹ sì rí i pé àwọn ihò omi ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn náà. Mi ò fara mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúdú tí àwọn kan ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀. Ó ń wú rọ́bà, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bituméènì dúdú tí wọ́n kùn lé ìpẹtà burú ju ìyẹn lọ, torí ṣe ló ń há omi mọ́ irin, tí ẹ ò sì ní rí i títí ó fi lu.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ẹ lè jó irin kí ẹ sì kùn ún. Kí ọ̀dà wà nínú ilé tí ẹ ti wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀, torí eruku ọyẹ́. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kejì, kí ìjì àkọ́kọ́ tó dé, ẹ tún ṣí abẹ́ wáípà, kí ẹ da omi lítà méjì yẹn sí i, kí ẹ dúró lẹ́yìn táyà iwájú kí ẹ máa wò ó.