Omi, akàn àti ìrẹsì pupa ní Charleston

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù Kẹsàn-án

Òṣùpá àrànmọ́jú ló yọ lánàá, irú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí omi òkun kún ju ti ojoojúmọ́ lọ. Nítorí náà, kí ará Charleston tó wo aago láàárọ̀ yìí, ìgbà omi ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ní èbúté ìlú yìí ní South Carolina, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ń fà. Láti kíkún dé fífà lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà, àsìkò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ló kún lónìí. Lọ́la, ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó mọ èyí ti mọ ìgbà tó yẹ kó lọ dẹ akàn, ó sì ti mọ ibi tí kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí.

Ẹsẹ̀ bàtà 7 lórí ìdíwọ̀n èbúté ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti ojú gọ́tà, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn tí òjò kò kán. Ìgbà ìwọ́wé ló burú jù, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn tó ń ti omi wọlé. Ilẹ̀ irà àti odò kéékèèké tí wọ́n dí pa ni ọ̀pọ̀ ibi láàárín ìlú: odò ni Market Street tẹ́lẹ̀, odò ni Water Street náà. Omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ gba inú rẹ̀, torí omi iyọ̀ ni, irin bíréèkì ló ń jẹ. Bó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Wákàtí méjì kí omi tó kún ló dáa láti dẹ akàn. Okùn, ọrùn adìẹ kan, òjé kékeré tí yóò fà á lọ sísàlẹ̀, àti àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn, ó tán. Ọrùn adìẹ ni kí ẹ lò torí ó yi. Ẹran rírọ̀ kì í pẹ́ já. Ẹ jù ú sómi, kí ẹ dúró. Bí okùn bá le, tó sì ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, akàn ti mú un nìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀ nìyí: wọ́n á já okùn gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fà á, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Akàn kì í tètè fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú omi, àmọ́ bó bá ti yọ lójú omi, ó ti lọ. Ẹ ti àwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀ kó tó yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gún kan sí èkejì: bí kò bá tó íǹṣì 5, ẹ dá a padà, kí ẹ sì dá abo tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn padà pẹ̀lú. Òfin ni. Ẹ má kó wọn sínú korobá olómi, wọn yóò lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, wọ́n á sì kú, akàn tó ti kú kò sì ṣeé jẹ. Ẹ kó wọn síbi òjìji, kí ẹ da àpò tútù bò wọ́n.

Ọ̀sán ni ti ìrẹsì pupa. Ìrẹsì ló sọ ìlú yìí di olówó nígbà kan, àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì fi ọwọ́ àti ọgbọ́n wọn gbìn ín. Gullah ni wọ́n ń pe àwọn àtọmọdọ́mọ wọn. Ẹni tó mọ jọ̀lọ́ọ̀fù á mọ ìbátan rẹ̀ lójú kan. Ẹ gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, bíi abala márùn-ún, ẹ dín in, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ din àlùbọ́sà kan àti ìdajì tàtàṣé nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ wá da tòmátò alágolo kékeré kan sí i, kí ẹ sì dín in títí ìkan rẹ̀ á fi lọ. Ife omi méjì, iyọ̀, ata, ṣúgà ṣíbí kékeré kan. Kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ife ìrẹsì méjì tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ ló kù, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹran náà nínú abọ́ onídèérí, kó wọ ófùn ní 350 lórí ìwọ̀n Amẹ́ríkà fún bíi ìṣẹ́jú 45. Ófùn ni mo fara mọ́, torí iná orí sítóòfù ń ti ìsàlẹ̀ nìkan wá, tòmátò á sì jó mọ́ ìdí ìkòkò kí ìrẹsì tó jinná. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi rò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi ṣíbí rò ó. Ẹ má sì bu omi kún un lójijì, á di ẹ̀bà.

Bí oòrùn bá wọ apá ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kù. Ilé tí wọ́n ń pè ní single house kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú ló kọ sí títì, ìyókù wọ inú ọgbà lọ. Ilẹ̀kùn títì rẹ̀ kò wọ inú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wọ̀, gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì máa ń kọjú sí kí atẹ́gùn òkun lè gbà á. Fèrèsé apá àríwá kéré, ó sì mọ níwọ̀n, kí aládùúgbò má baà máa wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn. Wọ́n kun òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn Gullah gbà pé iwin kì í kọjá irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Irin róbótó tí ẹ rí lára ògiri ni orí ọ̀pá irin tí wọ́n fi so ilé pọ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1886.

Ẹni tó bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ koríko, kó mọ̀ pé rírán ni wọ́n ń rán an, wọn kì í hun ún: ìdì koríko dídùn tí wọ́n yí po, tí wọ́n fi ewé ọ̀pẹ palmetto rán, pẹ̀lú irin tó ti jẹ́ ọwọ́ ṣíbí rí. Àwọn ìlà búráwùn inú rẹ̀, ewé igi páìnì ni. Ìbátan atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì ni. Ẹ má bá wọn dúnàá-dúrà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Bí ẹ bá sì ń gba ọ̀nà 17 lọ sí gúúsù, lẹ́yìn bíi wákàtí kan àti díẹ̀, ẹ ó dé Ọ̀yọ́túnjí ní Sheldon, abúlé tí wọ́n ti ń ṣe àṣà Yorùbá, tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní 1970.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, omi á tún kún. Ẹni tó gbé ọkọ̀ sí Lockwood Drive, kó lọ gbé e báyìí.